Ẹ̀kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Òṣìṣẹ́: Ohun Tí Ìtàn Fi Hàn Wá

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ tí òṣìṣẹ́ ń rí kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló kan Alfa nínú ọ̀rọ̀ ọ́físì. Mo ní ó kàn mí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wé láwàní, ọdún 19 ni mo fi jókòó ti fáìlì. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Apá kan rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Mọ̀dínà, apá kan ní Abẹ́òkúta, apá kan ní Èkó. Ti Èkó ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ṣojú mi.

Ní 1974 ni mo wọ ilé iṣẹ́ kan ní Èkó. Orúkọ rẹ̀ kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Modern School ni mo ní, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lo tábìlì kan ní. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, oníwà tútù ni, ìrun kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n wá ní ẹni tó bá gba G.C.E. ni àwọn yóò gbé ga, àyè kan ṣoṣo ló sì wà. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, olúkúlùkù ní kọ̀rọ̀. Èmi fi ìwé ìròyìn bo ìwé tèmi. Òun fi bébà kàlẹ́ńdà bo tirẹ̀, ó ní ìwé owó ẹgbẹ́ àdúgbò ni. Ìwé kan náà la ń kà o! Tí nǹkan bá rú mi lójú, n kò lè bi í. Tí ó bá rú òun náà lójú, kò lè bi mí. Ọ̀gá wa sì ti kéde pé ẹni tí òun bá bá ìwé ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́físì, kúérì ni òun yóò fún un.

Bí oru ṣe di iléèwé wa nìyẹn. A ó bọ́ sílẹ̀ nínú mólùé ní agogo 8 alẹ́, a ó kírun, a ó tan àtùpà, a ó jẹ obì, a ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé wa lọ, títí di agogo 2. Tó bá fi máa di agogo 5, a ti tún wà lójú ọ̀nà.

Ní ọdún kẹta, ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú orí òun. Ó ní òun ń rí àwọn lẹ́tà, ṣùgbọ́n tí òun bá ka ojú ewé kan dé ìsàlẹ̀, òun kò ní í mọ ohun tó wà lókè mọ́. Mo ní kó lọ ra oògùn orí fífọ́. Ká sòótọ́, inú mi dùn díẹ̀. Kí Ọlọ́hun forí jì mí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ní 1977, ó ṣí fáìlì kan ní àárọ̀, nígbà tí a fi máa dìde lọ kírun Àílà, ojú ewé yẹn náà ló ṣì tẹjú mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì pariwo.

Wọ́n ní ayé ni. Àwọn kan ní ìwé ló yí i lórí. Ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀, àwọn kan kò fẹ́ dúró tì í ní sàfú mọ́. Ilé iṣẹ́ dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e lọ sí Aro. Èmi ni mo gba àyè kan ṣoṣo yẹn.

Ọdún 10 kọjá lẹ́yìn náà kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí à bá gbà. Mo ti ń jókòó níwájú àgbà Alfa kan lálẹ́, à ń ka ìwé Imam Bukhari, ẹni tó kú ní ọdún 870, ìyẹn 256 lẹ́yìn Híjírà. A dé orí ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Imam ya bábù kan sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún kí èèyàn máa fi ìwáìmọ̀ gba ara wọn, kí ọ̀kan lọ lónìí kí èkejì lọ lọ́la.

Sayyidina Umar ọmọ Khattab fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà náà, ó ń gbé ní Awali, ìgbèríko kan ní apá òkè Mọ̀dínà, láàárín àwọn ọmọ Umayya ọmọ Zayd. Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí Ànábì. Ó ní ìdílé, òwò ni ó ń ṣe, kò lè wà lọ́dọ̀ Ànábì lójoojúmọ́. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan nínú àwọn Ànsáárù bá ṣe àdéhùn. Bí eléyìí bá lọ lónìí, ìyẹn yóò dúró ti tilé; lọ́la, ẹni tó dúró ni yóò lọ. Ẹni tó bá lọ, bó bá ti dé, gbogbo ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe ìmísí tuntun tó sọ̀ kalẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ mìíràn, ni yóò rò fún ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, nítorí a máa ń kà á kọjá kíákíá. Kò sẹ́ni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó jí oorun ara rẹ̀. Ìdajì nínú ọjọ́ ni olúkúlùkù ń lò, ẹ̀kọ́ gbogbo ọjọ́ ló sì ń wọlé fún un. Ẹ tún wo èyí: ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun nílé láti gbọ́ ohun tí òun gbọ́, etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ọmọ ní kéwú rí mọ̀ pé ohun tí a bá sọ fún ẹlòmíràn ló ń dúró lọ́kàn wa. Èyí tó wá gún mi lọ́kàn jù ni pé ẹ̀rù kò bà wọ́n pé ọ̀kan yóò mọ̀ ju èkejì lọ. Aládùúgbò náà ì bá fi ti ọjọ́ tirẹ̀ pamọ́ kí òun nìkan lè jẹ́ ẹni pàtàkì níwájú Ànábì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Umar kò mọ ohun tí iṣẹ́ ajé lè gbà lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tó ti di Kálífà, Abu Musa mú hádíìsì kan wá fún un nípa títọrọ ààyè lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó wọlé onílé. Umar kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí ẹlẹ́rìí jẹ́rìí sí i, Umar kò bínú, ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé ká-rà ká-tà inú ọjà ló gba òun lọ́wọ́ tí ìyẹn fi bọ́ sọnù. Olórí gbogbo Mùsùlùmí ayé ìgbà náà ló ń sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun kọ́ nǹkan kan. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá wa ló lè sọ ọ́?

Mo pa ìwé náà dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Alfa bi mí pé ṣé orí ń fọ́ mi ni. Mo ní rárá. Tábìlì kan ni mo ń rí, ìwé kan náà méjì lórí rẹ̀, tí wọ́n fi bébà bò.

Ohun kan tún wà nínú Bukhari tó bá ọ̀rọ̀ oru wa mu, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ iléèwé gbọ́ ọ. Ànábì (S.A.W.) so Salman àti Abu Darda pọ̀ bí ọmọ ìyá. Salman lọ kí i, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tí kò dára, obìnrin náà sì ní ọkọ òun kò rí ti ayé rò mọ́. Ààwẹ̀ lọ́sàn-án, ìdúró lóru ni. Salman kọ̀, ó ní òun kò ní í jẹun àfi tí Abu Darda bá jẹ. Lálẹ́, Abu Darda fẹ́ dìde, Salman ní kó sùn. Ó tún fẹ́ dìde, Salman tún ní kó sùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, Salman ní ó yá, àwọn méjèèjì sì dìde kírun. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ wà, ẹ̀tọ́ ìdílé rẹ̀ náà wà. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànábì, ó ní òótọ́ ni Salman sọ. Bó bá jẹ́ pé ìjọsìn pàápàá kò gbọdọ̀ gba gbogbo oru, ta ló wá fún G.C.E. láṣẹ?

Bí ẹ bá sì rò pé àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ kò mọ̀ pé ọkàn ń ṣàìsàn, Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, kọ odidi ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ti ọkàn pọ̀. Ìbínú, ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ìròkurò tí kì í kúrò lọ́kàn ni ó kọ ìtọ́jú wọn sílẹ̀ bí oníṣègùn ṣe ń kọ ti ibà. Ó ní bí onílàákàyè ṣe ń tọ́jú oògùn pamọ́ nígbà tí ara rẹ̀ le, bẹ́ẹ̀ ni kó tọ́jú èrò rere pamọ́ de ọjọ́ tí ọkàn bá dàrú. Kò pe aláìsàn ọkàn ní ẹni ègún.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ kì í ya ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ ń kọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́, títí yóò fi gba fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ní Ìlọrin àti Ìsẹ́yìn, òfì híhun àti kéwú ti jọ ń rìn tipẹ́, ọmọdé á máa ká òwú, ẹnu rẹ̀ á sì máa ka wàláà. Mi ò sọ pé kò sí ìyà nínú rẹ̀ o. Ọ̀gá kan wà tí kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan ju gbígbálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ ọ́físì yí èyí padà. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, àwa Mùsùlùmí sì pẹ́ kí a tó rí i, nítorí pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni iléèwé wà, àwọn bàbá wa sì ń bẹ̀rù kí ọmọ má baà fi ẹ̀sìn sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1896 ni ìjọba ṣí iléèwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Edward Blyden sì wà nínú àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ní 1923 ni Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó kan náà. Kí iléèwé tó kárí, ọ̀pọ̀ bàbá wa ti wọ ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá èyí tó kù, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n máa ń fi Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún wa, ẹni tó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láìkúrò nílé, tó sì ń ṣòwò lọ́wọ́. Ó tọ́ ká yìn ín. Àmọ́ àwọn tó bá wa jáde lọ́jọ́ kan náà tí wọn kò débẹ̀, ta ló ka iye wọn?

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni ilé ìwòsàn Aro bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá pẹ̀lú àròyé kan náà: orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ríran ṣùgbọ́n ìwé kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní brain fag. Prince kọ ọ́ jáde ní 1960. Ọdún 17 kí ọ̀rẹ́ mi tó sọ fún mi pé èèrà ń rìn nínú orí òun, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú ọ́físì wa. Prince rò ó sí pé àwọn ọmọ wa ń dá kàwé tó wà fún ire gbogbo ẹbí, nígbà tó jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti wá, gbogbo nǹkan ni wọ́n jọ ń ṣe. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jà á níyàn láti ìgbà náà. Ní tèmi o, mo mọ bí ìdákàwé ṣe rí.

Lambo ní tirẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Ó bá àwọn abúlé tó yí Aro ká ṣe àdéhùn kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ẹni yẹn ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé láàárín àwọn èèyàn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà bá a ṣiṣẹ́. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà àti òkèèrè pàdé ní Abẹ́òkúta, ayé sì gbọ́ nípa ohun tó ń ṣe. Òun ló tún wá di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva. Ohun tó gbọ́ yé wa nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé orí tó dàrú nínú ìdáwà, àárín èèyàn ló ti ń tò padà.

Àwọn onímọ̀ òkèèrè náà wá bá ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tiwọn. Ní 1979, Robert Karasek tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà àti Sweden. Ó ní iṣẹ́ púpọ̀ nìkan kọ́ ló ń ba ọkàn jẹ́. Iṣẹ́ púpọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ sí ni. Nínú ohun tó fi ń wọn ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ní ni bóyá iṣẹ́ náà ń jẹ́ kó kọ́ nǹkan tuntun. Ní oṣù September 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí àlàáfíà ọkàn níbi iṣẹ́. Wọ́n ṣírò pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ń gbé bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀gá pàápàá bí wọn yóò ṣe dá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú mọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀gá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Láti 1971 ni ìjọba ológun ti fi Òfin 47 dá I.T.F. sílẹ̀. Lónìí, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 sókè gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù ọdún kan sí àpò yẹn, èyí tó bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lè gba apá kan owó náà padà. Ní 1974, ọdún tí mo wọṣẹ́ gan-an, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn kan pé kí òṣìṣẹ́ máa gba àyè lọ kọ́ ẹ̀kọ́, kí owó rẹ̀ má sì dúró. Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àwọn wèrè ti 1958, tí kò sì gbà kí a yọ èèyàn sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ nítorí àìsàn ọpọlọ. Ká ní ó wà ní 1977! Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń pè ní ẹ̀kọ́ títí di òní ni ìpàdé ọjọ́ kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ìrẹsì àti báàgì tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Lọ́jọ́ kejì, fáìlì ọjọ́ méjì ń dúró de òṣìṣẹ́.

Kí ẹ má rò pé mo wá fi àwọn ọ̀gá bú. Ní 1985, èmi náà ti di ọ̀gá kékeré. Ọmọbìnrin kan lábẹ́ mi wá bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun máa jáde ní agogo 3 lọ́jọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè láti lọ kọ́ ìṣirò owó. Mo wò ó lójú, mo ní nígbà tiwa, oru la fi ń kàwé. Ẹnu tèmi, èmi tí mo rí ohun tí oru ṣe. Ọmọ náà dúpẹ́ ó sì jáde. Lẹ́yìn alẹ́ tí a ka ọ̀rọ̀ Umar ní 1987, mo wá a. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn akọ̀wé méjì kan ló wà nígbà náà tí ojú wọn wà lára àyè kan ṣoṣo. Mo pè wọ́n papọ̀. Mo ní kí ọ̀kan máa lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Túsìdeè, kí èkejì di tábìlì rẹ̀ mú; kí èkejì lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè; kí wọ́n sì máa jókòó papọ̀ fún ìdajì wákàtí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹni tó lọ rò fún ẹni tó dúró. Wọ́n rò pé mo ń dán àwọn wò ni. Oṣù méjì àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wọn, mo mọ̀ ọ́n, nítorí mo ṣe é rí. Ó wá yí padà nígbà tí èyí àgbà nínú wọn sùn sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí èyí àbúrò sì kọ gbogbo ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ lọ fún un. Ní oṣù kẹjọ, àwọn àgbà ọ̀gá gbọ́, wọ́n bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ, wọ́n sì fòpin sí i. Ẹnì kan yege lọ́dún yẹn, èkejì yege lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìwé ẹni àkọ́kọ́ ló fi kà á.

Ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú padà wálé láti Aro, lẹ́yìn oṣù 5. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nílùú wọn, ẹni tó máa ń jẹ́ kó ka ohunkóhun tó bá tẹ̀ kó tó gé e. Ó yege G.C.E. rẹ̀ ní 1983, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà Ramadan kan, a jọ jókòó lẹ́yìn ìṣínu ní ilé rẹ̀, mo wá jẹ́wọ́ fún un ohun tó wà lábẹ́ ìwé ìròyìn mi láti 1974. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́, pé tí ọ̀gá bá ti jáde, òun máa ń ṣí ojú ewé tó rú òun lójú sílẹ̀ lórí tábìlì wa, òun á sì yí i sí ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi, pé bóyá n ó rí i kí n sọ nǹkan.

Mo máa ń rí i.